Ọ̀ṣọ́ aláwọ̀ àsíà fún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa: wọ́n ní ó jọ ti òkú

Onídìrí Tákìé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀nà Tákìé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ń dirun, òun ń ta ọṣẹ, mílíìkì, ṣúgà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń bára wa bọ̀. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ òmìnira bá ti ń sún mọ́lé, àsíà kékeré tí wọ́n ń tà lójú títì la máa ń rà, a ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́dún yìí a ní ká fọwọ́ ara wa ṣe nǹkan: ọ̀ṣọ́ roboto, aláwọ̀ ewé àti funfun, tí a ó gbé kọ́ ilẹ̀kùn títí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá yóò fi kọjá.

Sátidé tó kọjá la ṣe é. A ká wáyà háńgà méjì pọ̀, a so àgékù aṣọ mọ́ ọn yí ká. Bí a ṣe gbé e kọ́ báyìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fà wálẹ̀, ó rí ṣọṣọrọ bí ẹyin. A pín in sí mẹ́ta bíi ti àsíà, ewé, funfun, ewé, àmọ́ ńṣe ni ewé méjèèjì lọ lẹ̀ mọ́ra, tí funfun wá dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ibi tí aṣọ ò tó.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Màmá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú wa wò ó, wọ́n ní, “Háà, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ta ló ṣaláìsí?” Ọ̀rẹ́ mi ò dáhùn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wọlé lọ jókòó. Oṣù kejì ọdún yìí ló sin bàbá rẹ̀, irú òdòdó roboto bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbé lé orí pósí.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù. Mo ṣì fẹ́ ṣe é, mo sì fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ ṣe é. Kí la lè lò tí kò ní wọ́? Báwo la ṣe máa to àwọ̀ yẹn? Kí la lè ṣe tí ẹni tó bá rí i ò fi ní máa kí wa kú ìnáwó òkú?

Bàbá Olùkọ́

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Màmá ẹlẹ́kọ yẹn ò ṣẹ̀ yín. Ìyá àgbà ni, ohun tí ojú wọn ti rí ni ẹnu wọn sọ. Nílẹ̀ wa, ibi mélòó lèèyàn ti ń rí òdòdó tí wọ́n ká róbótó? Ẹ̀gbẹ́ pósí ni, àti ojú sàréè.

Àwọn baba wa ń fi nǹkan ránṣẹ́ láìkọ lẹ́tà. Ẹyọ owó méjì tí wọ́n bá dojú wọn kọra, ọ̀rọ̀ ni. Èèpo ọsàn, ìyẹ́ ẹyẹ, ọ̀rọ̀ ni. Àrokò là ń pè é. Ohun tí ẹ bá gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà, àrokò ni fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, yálà ẹ gbèrò bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ ò gbèrò. Lójú tèmi, ẹ fi ti roboto sílẹ̀. Ẹ rán àsíà kéékèèké sórí okùn, ẹ ta á láti òpó dé òpó. Kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà.

Ìyàwó Sójà

Ẹ̀yin Bàbá, mo tẹríba, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n pa á tì.

Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun fún ọdún púpọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, mo ti rí i tí wọ́n ń gbé òdòdó roboto kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sà á, tí wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sí ọjọ́ yẹn nítorí ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Òdòdó yẹn kì í ṣe ohun ẹ̀rù lójú mi, ẹ̀yẹ ni. Àmọ́ ẹ̀yẹ òkú náà ni, mi ò ní tan yín. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí i.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ kó jọ tòkú. Àkọ́kọ́ ni òdòdó àtọwọ́dá onírọ́bà, ẹ má lo ọ̀kankan. Èkejì ni kí ẹ gbé e ti ògiri nílẹ̀, òkú nìkan là ń gbé e sílẹ̀ fún. Ẹ gbé e ga dé ìwọ̀n orí èèyàn. Ẹ̀kẹta ni àwọ̀ pupa. Ẹ má fi pupa kankan sí i rárá, torí òdòdó pupa kékeré la máa ń fi há àyà lọ́jọ́ ìrántí yẹn.

Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín kú àṣẹ̀yìndè.

Télọ̀ Àpáké

Ẹ jẹ́ ká dé orí iṣẹ́ gan-an. Mo ti ṣe irú èyí fún ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì, ti àkọ́kọ́ wọ́ gẹ́gẹ́ bíi tiyín.

Wáyà háńgà ò lágbára. Aṣọ tí ẹ so mọ́ ọn wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ, pàápàá tí òjò bá fọ́n sí i, òjò ò sì tíì lọ nínú oṣù kẹwàá. Ẹ lọ wá ìdérí ike ọ̀dà ńlá, ti lítà ogún. Àwọn tó ń kun ilé máa ń jù ú nù, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ fi abẹ gé àárín rẹ̀ kúrò, kí etí rẹ̀ ṣẹ́ kù ní ìwọ̀n ínǹṣì kan ààbọ̀ yí ká. Ìyẹn ò lè tẹ̀, kò sì lè dípẹtà. Fífẹ̀ rẹ̀ á tó ínǹṣì méjìlá, ó tó fún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Aṣọ: ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, ínǹṣì kan ní fífẹ̀, ínǹṣì mẹ́fà ní gígùn. Ẹ so ó lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ etí ike yẹn, kókó kan péré, kí orí méjèèjì yọ síwájú. Ẹ máa tì wọ́n mọ́ra wọn kí wọ́n fún. Tèmi gba tẹ́ẹ́rẹ́ 150 aláwọ̀ ewé àti 75 funfun. Yáàdì kan ewé àti ìdajì yáàdì funfun á tó, á sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ télọ̀ kankan, ẹ ò gbọdọ̀ ra aṣọ, àgékù tó wà nílẹ̀ wa ń bẹ̀bẹ̀ pé ká wá kó òun.

Ní ti àwọ̀, ibi tí ẹ ti ṣìnà nìyí. Àsíà ní ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún, òbìrí ò ní. Tí ẹ bá pín òbìrí sí mẹ́ta, ewé méjì gbọ́dọ̀ pàdé níbì kan, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i. Ẹ wò ó bí ojú aago. Láti aago mọ́kànlá dé aago kan, funfun. Láti aago kan dé márùn-ún, ewé. Láti márùn-ún dé méje, funfun. Láti méje padà dé mọ́kànlá, ewé. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á rí ewé lápá òsì, funfun láàárín lókè àti nísàlẹ̀, ewé lápá ọ̀tún. Tí ẹ bá ṣírò ó, funfun kó ìdá kan nínú mẹ́ta, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára àsíà. Ẹ fi bírò sàmì sára ike kí ẹ tó so ẹyọ kan.

Ọmọ Akẹ̀sán

Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ ọ́. Ike ọ̀dà kẹ̀? Ọ̀ṣọ́ òmìnira ni ẹ fẹ́ gbé ka ìdérí ọ̀dà?

Igbá ni kí ẹ lò. Ẹ ra igbá ńlá kan tó ti gbẹ, ẹ fi ayùn kékeré rẹ́ etí rẹ̀ bí ẹ̀gbà, ó fúyẹ́, ó sì le. Àwọn onígbá wa ní Ọ̀yọ́ lè fín in fún yín pàápàá, kí ẹ má wulẹ̀ so aṣọ bo gbogbo rẹ̀, kí ibi tí wọ́n fín yọ láàárín. Ẹni tó bá rí igbá fínfín kò ní rántí pósí láé.

Télọ̀ Àpáké

Ọmọ Akẹ̀sán, èrò yín dáa, igbá Ọ̀yọ́ kò ní ẹlẹgbẹ́. Àmọ́ ẹ̀gbà igbá tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń sán. Kókó 225 ni wọ́n máa fà le lórí rẹ̀, ọ̀kan tó bá le jù, ó pín sí méjì nìyẹn. Kí wọ́n fi igbá ṣe ohun tí wọ́n máa gbé sí àárín, ìyẹn á lọ.

Àjílété

Kí lẹ ń fi owó ṣòfò sí? Ewé tútù wà ńlẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ tí máńgòrò kún fọ́fọ́! Ẹ já ewé máńgòrò, ẹ fi màrìwò ọ̀pẹ dì í yí ká, ẹ ki òwú funfun sí i. Wákàtí kan, ẹ ti parí. Èyí tó wá láti ilẹ̀ wa nìyẹn.

Bàbá Olùkọ́

Àjílété, dúró ná. Ewé máńgòrò kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á ti hunjọ kó tó di ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n màrìwò lẹ́nu ọ̀nà! Ojúbọ Ògún la ti ń ta màrìwò, igbó orò la ti ń ta á. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé wọ́n ní kí òun má kọjá ibẹ̀. Ṣé oníbàárà ni ẹ fẹ́ máa lé?

Kí n sì tètè sọ ti akòko kí ẹnì kan tó dá a lábàá. Ewé oyè ni. Orí ẹni tí wọ́n ń fi joyè là ń fi í sí. Kò sí ewu nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń já ká ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tí télọ̀ wa sọ yìí ló ń wù mí báyìí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ okùn àsíà mi sílẹ̀ díẹ̀.

Onídìrí Tákìé

Ẹ ṣé gan-an. Ti ojú aago yẹn là mí lójú. Mo yà á sínú ìwé, mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé ó máa dáa.

Mo ti lọ kó àgékù aṣọ. Ewé tí mo rí, kọ́tìnnì ni, ó tutù lójú. Mo fi omi kan án, omi náà di àwọ̀ ewé. Tí òjò bá pa á, ṣé kò ní ba funfun jẹ́?

Ìyá Bùnmi

Rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú. Kò ní ṣí mọ́.

Aláró

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ti ba aṣọ púpọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe. Ìgbà tí aró ṣì ń wọ inú aṣọ lọ́wọ́, nínú ìkòkò, ni iyọ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Aṣọ tí wọ́n ti pa láró tẹ́lẹ̀, tí àpọ̀jù aró ṣì wà lára rẹ̀, iyọ̀ ò lè dì í mú. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣan án, kí ẹ tún fọ̀ ọ́, títí omi á fi mọ́ gaara. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Kí ẹ tó gé e ni o! Tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ti gé, tí ẹ bá lọ fọ̀ ọ́, etí rẹ̀ á tú ká. Kí ẹ wá fún àgékù kékeré kan mọ́ aṣọ funfun nígbà tó tutù, kí ẹ fi nǹkan wúwo lé e mọ́jú. Tí funfun bá ṣì funfun láàárọ̀, ẹ lọ fọkàn balẹ̀.

Ìyá Bùnmi

Mo gbà. Ìyá mi ló kọ́ mi ní ti iyọ̀, mi ò bi wọ́n ìdí rẹ̀ rí. Ẹ ṣé, Aláró.

Ọmọ Under-G

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. LAUTECH ni mo wà. Ẹ má bínú pé mò ń ta ko màmá ológun, àmọ́ mo gbọ́ pé oòrùn pupa wà láàárín àsíà wa níbẹ̀rẹ̀. Ṣé wọn ò lè fi aṣọ pupa ṣe oòrùn sí àárín òbìrí yẹn? Àyè tó ṣófo láàárín wà fún un. Wọ́n tún lè kọ orúkọ Akíntọ́lá sí i, ọmọ ìlú wa tó kọ́kọ́ béèrè òmìnira nílé aṣòfin.

Bàbá Olùkọ́

Inú mi dùn pé ọ̀dọ́ ń ka irú nǹkan báyìí. Òótọ́ ni ti oòrùn yẹn. Michael Táíwò Akínkúnmi, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ́dún 1936, ló ya àsíà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní London nígbà tó rí i nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àsíà. Ó fi oòrùn pupa tó ń ta ìtànṣán sí àárín funfun. Wọ́n mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1959, wọ́n sì yọ oòrùn náà kúrò. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ọdún 2023 ló papò dà. Èyí tí wọ́n fà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ewé àti funfun nìkan ni: ewé fún oko àti ilẹ̀ ọlọ́ràá wa, funfun fún àlàáfíà. Torí náà màmá ológun ló jàre. Kí pupa má bá a lọ.

Ní ti Akíntọ́lá, mo fẹ́ tún un ṣe díẹ̀. Anthony Enahoro ló kọ́kọ́ gbé e síwájú ilé lọ́dún 1953, kò sì yege. Ládòkè Akíntọ́lá gbé tirẹ̀ wá lọ́dún 1957, ilé fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1959 tó béèrè fún kọ́ ló padà bọ́ sí. Kò sídìí láti fi kún ògo rẹ̀. Èyí tó ṣe tó ohun tí Ògbómọ̀ṣọ́ lè máa yangàn sí.

Ohun kan tó kù: ẹ má ṣe gé àsíà gidi láti fi ṣe é, bó ti wù kó gbó tó. Aṣọ lásán ni kí ẹ gé.

Àǹtí Kíńnira

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná. Ẹ ti sọ ti ike, ti aró, ti aago. Ta ló sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Àbúrò, má mú iṣẹ́ tí ẹ ti parí lọ bá a pé wá wò ó. Má sì sọ fún un pé kó gbàgbé, pé òkú kọ́ ni. Èmi náà sin ìyá mi, mo mọ bó ṣe ń rí tí ohun kékeré bá kàn ń já lu èèyàn. Gbé aṣọ yẹn lọ bá a níbi tó jókòó sí. Fún un ní sísọ́ọ̀sì. Gígé tẹ́ẹ́rẹ́ 225 kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, ẹnu á máa sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ sọ ti bàbá rẹ̀, kó sọ ọ́. Tó bá ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ roboto mọ́, gbà fún un, kí ẹ ta okùn àsíà tí Bàbá sọ. Ilẹ̀kùn àwa méjèèjì lo pè é, àbí? Òun náà ní ẹnu lórí ohun tó máa kọ́ síbẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Wàásò

Ọ̀rọ̀ Àǹtí yẹn wọ̀ mí lára. Kí n fi kékeré kan kún un. Ẹ̀ ń pè é ní òdòdó roboto, ẹ̀ ń pè é ní òbìrí. Kí ló dé tí a ò pè é ní òṣùká? Kí ni nǹkan roboto tí gbogbo obìnrin mọ̀ ṣáájú pósí? Mo fi òṣùká ru ẹrù aṣọ dé ọjà Wàásò fún ogún ọdún.

Kí wọ́n ṣe é bí òṣùká gan-an. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ́ aṣọ àlòkù yí ike télọ̀ yẹn ká, kó ki, kó rọ̀, kó sanra. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá so tẹ́ẹ́rẹ́ wọn lé e, kí wọ́n gé e ní ínǹṣì mẹ́jọ dípò mẹ́fà torí ó ti sanra. Òdòdó òkú kì í sanra báyẹn, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Onídìrí Tákìé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti gbé e kọ́.

Bí Àǹtí Kíńnira ti wí ni mo ṣe. Mo gbé aṣọ àti sísọ́ọ̀sì jókòó tì í, mi ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ní mò ń gé e wọ́, ó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. A gé e títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó sọ fún mi pé bàbá òun máa ń gbé òun lé èjìká lọ wo ìyíde àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ òmìnira, kí òun lè rí i lórí àwọn èèyàn. Gbogbo ọdún tá a ti jọ wà, mi ò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ òṣùká fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ kan jáde, funfun, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti gbó. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a gé e. Gbogbo funfun tó wà lókè, láti aago mọ́kànlá dé aago kan, ara ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni.

Màmá ẹlẹ́kọ dé láàárọ̀ òní. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Òṣùká ta lẹ gbé kọ́ síbí?” Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ti Nàìjíríà ni, Màmá, ẹrù rẹ̀ wúwo.” Màmá ní kó dúró síbẹ̀ nígbà náà.

Télọ̀ Àpáké

Inú mi dùn púpọ̀. Ibo lẹ ti so ó? Afẹ́fẹ́ òjò ń bọ̀ o.

Onídìrí Tákìé

Okùn méjì lókè, ní aago mẹ́wàá àti aago méjì, àti ìṣó kékeré kan nísàlẹ̀ tí kò jẹ́ kó máa gbá ilẹ̀kùn. Òjò ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Funfun ṣì funfun.